Ẹni Tó Rán Wọn Níṣẹ́ Dà?

Ilẹ̀ kò tíì mọ́ dáadáa nígbà tí Ìyá Ìbejì àti ọkọ rẹ̀ dé ibùdókọ̀ ojú irin Agége. Àwọn oníbúrẹ́dì ti pàtẹ sí ẹ̀bá ọ̀nà, ooru búrẹ́dì tuntun ń gba inú ọ̀rá jáde. Àwọn òṣìṣẹ́ tó ń lọ sí Ìkẹjà ń sáré gun àtẹ̀gùn bí ẹni tí wọ́n ń lé. Ìyá Ìbejì kò sáré. Bó bá gun mẹ́rin, a dúró mí. Bó bá tún gun mẹ́rin, a tún dúró. Ọkọ rẹ̀ wà lẹ́yìn, ó fi ọwọ́ kan gbé báàgì, ó fi èkejì rọra ń tì í lẹ́yìn bí ẹni ń ti kẹ̀kẹ́ gòkè.

Lẹ́nu géètì, àwọn méjèèjì fi káàdì Cowry wọn kan ẹ̀rọ, irin yà fún wọn. Ọkọ wo iye tó kù lórí káàdì, ó mi orí.

"Ó ṣì lè gbé wa lọ, kó gbé wa bọ̀," ó ní. "Ti ọjọ́ Ẹtì, Olúwa ló mọ̀ ọ́n."

Ọdún 14 ni wọ́n fi ṣe iṣẹ́ ajíhìnrere ní abúlé kan ní ilẹ̀ Ìbàrìbá, níbi tí ọ̀dà ti tán lójú ọ̀nà, tí ọ̀kadà sì ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ mọ́tò. Ibẹ̀ ni wọ́n bí ìbejì wọn sí. Ibẹ̀ náà ni orí fífọ́ ti bẹ̀rẹ̀ sí dààmú ìyá wọn, tó ń fi oògùn ara ríro tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ lójoojúmọ́, títí ẹsẹ̀ rẹ̀ fi wú tí bàtà kò wọ̀ ọ́ mọ́. Kí wọ́n tó gbé e dé Èkó, kíndìnrín rẹ̀ méjèèjì ti daṣẹ́ sílẹ̀.

Yàrá kan ní ẹ̀yìn Oko-Ọba ni àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń gbé báyìí, pẹ̀lú àpótí ìwé kan tí wọn kò tíì tú láti ọjọ́ tí wọ́n ti dé. Wọ́n bẹ̀ mí kí n má dárúkọ àwọn, kí n má sì dárúkọ ìjọ tó rán wọn. "A ò fẹ́ tú aṣọ lára ilé Bàbá wa," ni obìnrin náà wí. Mo gbà fún wọn. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà ní ẹni tó rán ni níṣẹ́ là ń bẹ̀rù, a kì í bẹ̀rù ẹni tí a óò jẹ́ ẹ fún. Tọkọtaya yìí bẹ̀rù ẹni tó rán wọn, wọ́n jẹ́ iṣẹ́ náà dópin agbára wọn. Ìgbà tí àìsàn dé, ta ni ó yẹ kó gbé wọn?

Ọwọ́ tó ń kùn bí oyin

Ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ tó wà ní Ẹ̀búté-Mẹ́ta ni wọ́n ń lọ, èyí tí àwọn àgbà Èkó ṣì ń pè ní ilé ìwòsàn rélùwéè, nítorí àwọn òṣìṣẹ́ ojú irin ni wọ́n kọ́kọ́ dá a sílẹ̀ fún. Ìkẹjà ní tirẹ̀ nítòsí, LASUTH, tó bẹ̀rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ilé ìwòsàn kékeré ní 1955, tí ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó sì sọ di ti yunifásítì ní 2001. Kí ló wá ń gbé aláìsàn kọjá Ìkẹjà, kọjá Òṣòdì àti Mushin, lọ sí Ẹ̀búté-Mẹ́ta?

Owó ni. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2025, ìjọba àpapọ̀ kéde pé owó fífọ ẹ̀jẹ̀ lẹ́ẹ̀kan yóò wálẹ̀ láti 50,000 náírà sí 12,000 náírà ní àwọn ilé ìwòsàn àpapọ̀ kan, Ẹ̀búté-Mẹ́ta sì wà lára wọn. LASUTH kì í ṣe ti àpapọ̀, ti ìpínlẹ̀ ni.

Ẹ bá mi ṣírò ó. Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, 24,000 náírà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, 96,000 náírà. Owó oṣù tó kéré jù lọ tí òfin ilẹ̀ yìí fi lélẹ̀ ní 2024 jẹ́ 70,000 náírà. Èyí tí mo ṣírò yìí, kò sí oògùn nínú rẹ̀, kò sí abẹ́rẹ́ tó ń mú kí ẹ̀jẹ̀ pọ̀, kò sí owó àyẹ̀wò, kò sí owó ọkọ̀. Àwọn dókítà tilẹ̀ ń fẹ́ kó máa wá lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹ̀ẹ̀mejì ni ọwọ́ wọn ká.

Dókítà kan tó ń tọ́jú kíndìnrín ṣàlàyé fún mi pé ẹ̀jẹ̀ ríru àti àtọ̀gbẹ wà lára ohun tó ń ba kíndìnrín jẹ́ jù, pé lílo oògùn ara ríro lójoojúmọ́ àti àgbo tí a kò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀ tún máa ń dá kún un. "Ẹ̀jẹ̀ ríru kì í dun ènìyàn," ó ní. "Ohun tí kò bá sì dùn wá, a kì í wá oògùn sí i. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń wá bá wa, ọjọ́ tí wọ́n dé ọ̀dọ̀ wa ni wọ́n kọ́kọ́ gbọ́ pé ẹ̀jẹ̀ àwọn ń ru."

Ìyá Ìbejì ní kí n fi ọwọ́ kan apá òsì òun, lókè ọrùn ọwọ́, níbi tí wọ́n ti so iṣan méjì pọ̀ kí abẹ́rẹ́ lè máa rí ọ̀nà wọlé. Mo fi ìka kàn án. Ó ń kùn, àfi bí ìgbà tí oyin há sínú agolo.

"Bí mo bá ti la ojú, òun ni mo kọ́kọ́ ń gbé sétí," ó ní. "Tó bá ń kùn, á jẹ́ pé ọ̀nà ṣì là. Màá ní, Olúwa, ẹ ṣé."

Wákàtí mẹ́rin ló ń lò lórí àga. Ẹ̀rọ náà ń fa ẹ̀jẹ̀ gba ọ̀pá rọ́bà kan jáde, ó ń sẹ́ ẹ bí ẹni ń sẹ́ ògì, ó ń dá a padà gba ọ̀pá kejì. Ìdọ̀tí tí ìtọ̀ ìbá gbé jáde ni ó ń yọ. Láàrin ọjọ́ ẹ̀rọ kan sí èkejì, omi tó ń mu níye: ọ̀rá píọ̀ wọ́tà kan ni yóò fi lo ọjọ́ kan, nínú ooru Agége, oògùn tí yóò fi omi gbé mì sì wà nínú ìṣirò. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti ọsàn ti di ohun tó ń wò lójú ọ̀nà.

Mo ti múra sílẹ̀ fún àdúrà gígùn, nítorí ẹni tó fi ọdún 14 wàásù ni. Ohun tó sọ kí nọ́ọ̀sì tó gún un kò ju: "Bàbá, ẹ jẹ́ kí wọ́n rí i lẹ́ẹ̀kan." Wọ́n rí i lẹ́ẹ̀kan. Ó rẹ́rìn-ín, ó mú fóònù, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí gbọ́ ohùn àwọn obìnrin abúlé tó fi sílẹ̀, tí wọ́n ń bá a sọ̀rọ̀ ní èdè Ìbàrìbá lórí WhatsApp. Ẹnì kan bímọ. Iṣu ẹnì kan jóná sínú oko. Ẹnì kan ń bi í léèrè ìgbà tí yóò padà. Ó dá wọn lóhùn lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń yípo lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Ìyàn ní Kúdẹtì

Orúkọ tí wọ́n sọ káàdì ọkọ̀ wa, Cowry, owó ẹyọ ni. Bí mo ṣe rí i lọ́wọ́ ọkọ Ìyá Ìbejì láàárọ̀ yẹn ni mo rántí ìdílé míṣọ́nnárì kan tí àìsí owó ẹyọ fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ebi pa ní ilẹ̀ Yorùbá.

Ọmọ Jámánì ni David Hinderer, iṣẹ́ CMS ti ṣọ́ọ̀ṣì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló ń jẹ́. Anna Martin, ọmọ Norfolk, ló fẹ́ ní oṣù Kẹwàá 1852. Ní 1853 tọkọtaya náà dé Ìbàdàn, wọ́n kọ́lé sí Kúdẹtì. Olóyè Olúnlóyọ̀ọ́ fi ọmọ rẹ̀ méjì sábẹ́ ìtọ́jú wọn, ọkùnrin kan, obìnrin kan, àwọn ọmọ mìíràn sì tẹ̀lé e. "Ìyá" ni gbogbo wọn ń pe Anna. Òun fúnra rẹ̀ kò bímọ.

Ibà kò jẹ́ kí wọ́n jókòó. Kefer, ọmọ Jámánì ẹlẹgbẹ́ wọn, kú ní 1855. Bíṣọ́ọ̀bù Vidal tó wá bẹ iṣẹ́ ilẹ̀ Yorùbá wò láti Sierra Leone kò padà délé. Orí omi ló kú sí ní oṣù Kejìlá 1854. Ẹ jẹ́ kí n yà bàrá díẹ̀: ẹni tó bá ń gba GRA Ìkẹjà kọjá yóò rí ṣọ́ọ̀ṣì tí wọ́n fi sọrí Archbishop Vining. Leslie Gordon Vining ni Bíṣọ́ọ̀bù Àgbà àkọ́kọ́ fún Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, orí omi ni òun náà kú sí, ní 1955. Nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún ló wà láàrin ikú méjèèjì, òkun kan náà sì ni. Mo bi ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń jáde nínú ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì náà bóyá ó mọ ẹni tí Vining í ṣe. Ó ní orúkọ òpópónà kan ni.

Àìsàn lé àwọn Hinderer lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1856, wọ́n sì padà wá ní 1858. Ọdún méjì lẹ́yìn náà, ogun Ìjàyè bẹ́. Kúrunmí, olórí Ìjàyè, kọ̀ láti gba Adélù ní Aláàfin lẹ́yìn ikú Àtìbà bàbá rẹ̀. Ìbàdàn gbè sẹ́yìn Ọ̀yọ́, Ẹ̀gbá gbè sẹ́yìn Ìjàyè, Ìjẹ̀bú náà ti ọ̀nà tirẹ̀. Bí gbogbo ọ̀nà tó lọ sétí òkun ṣe dí nìyẹn.

Owó iṣẹ́ wọn wà ní Èkó, àwọn wà ní Ìbàdàn. Owó ẹyọ kì í sì í ṣe ohun tí a lè fi pamọ́ sábẹ́ fìlà. Ọ̀kẹ́ kan, ìyẹn 20,000 ẹyọ, ti tó ẹrù odidi alárù kan, alárù tó bá sì gbé e gba ojú ogun kọjá lè di ẹrú ní alẹ́ ọjọ́ náà.

Anna bẹ̀rẹ̀ sí ta ohun inú ilé. Ó ta aṣọ ìtẹ́bẹ́ẹ̀dì, ó ta àpótí páànù, ó ta ohun tí ọjà bá gbà. Ẹ̀wà tí wọ́n fi ata àti epo díẹ̀ sí ni wọ́n ń jẹ. Ní gbogbo ìgbà náà, ibà ń ṣe é, ó ń dìde, ó ń dùbúlẹ̀, àwọn ọmọ kún ilé. Àwọn ìwé tó kọ ránṣẹ́ sílé di ìwé kan tí wọ́n tẹ̀ ní 1872, lẹ́yìn ikú rẹ̀, *Seventeen Years in the Yoruba Country*. Ohun tó mú mi nínú ìwé náà ni pé kò fi ìyà rẹ̀ ṣe ẹ̀ṣọ́. Ó ń sọ ti ebi bí ẹni ń sọ iye aṣọ tó fọ̀.

Ní oṣù Kẹrin 1865, Glover tó ń ṣàkóso Èkó rán ọ̀gágun kan, Maxwell, gba inú igbó Ìjẹ̀bú lọ sí Ìbàdàn. Òru ló wọ Kúdẹtì. Ó gbé aṣọ tí wọ́n so mọ́ ọ̀pá dání, èyí tí àwọn alárù ń gbé ènìyàn sí lé èjìká. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, wọ́n gbé Anna lọ. Ọkọ rẹ̀ dúró ti iṣẹ́. Anna tún padà wá lẹ́yìn náà, ṣùgbọ́n ara rẹ̀ kò gbà mọ́; wọ́n fi Ìbàdàn sílẹ̀ pátápátá ní 1869, ó sì kú ní oṣù Kẹfà 1870, ẹni ọdún 43.

Ìdílé kejì tí a kì í sọ̀rọ̀ rẹ̀

Ìtàn àwọn Hinderer ni a máa ń gbọ́ ní ọjọ́ àjọ̀dún ṣọ́ọ̀ṣì. Ṣùgbọ́n ìdílé mìíràn wà ní Ìbàdàn nígbà ogun yẹn, ọmọ Yorùbá paraku ni wọ́n, iṣẹ́ kan náà ni wọ́n jọ ń ṣe.

Henry Johnson wà lára àwọn Yorùbá tí wọ́n gbà sílẹ̀ lóko ẹrú tí wọ́n sì kó sọ̀ sí Sierra Leone. Ní 1858 ó bá Hinderer wá sí Ìbàdàn pẹ̀lú ìyàwó àti àwọn ọmọ. Ìyàn tó mú òyìnbó mú wọn. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé wọn kò ní Norfolk kankan tí wọ́n lè lọ fi ara gba atẹ́gùn. Ìbàdàn ni Henry Johnson kú sí, nínú iṣẹ́.

Ẹ wo àwọn ọmọ rẹ̀. Mẹ́ta di àlùfáà: Henry, Nathaniel àti Samuel. Samuel yìí, tó jẹ́ ọmọ ọdún bí 14 nígbà tí ogun Ìjàyè bẹ́, ló kọ *The History of the Yorubas*. Ìwé àfọwọ́kọ náà sọnù lókè òkun, Samuel kú ní 1901, àbúrò rẹ̀ sì ṣa àwọn àkọsílẹ̀ tó kù jọ, ó tún un kọ, wọ́n tẹ̀ ẹ́ ní 1921. Àbúrò náà ni Obadiah Johnson, ọ̀kan lára àwọn ọmọ Yorùbá àkọ́kọ́ tó di dókítà ìṣègùn òyìnbó.

Nínú ilé tí àìsàn ti ń wọlé tó ń jáde, ọmọ kan di dókítà. Èmi ò gbà pé èèṣì ni. Nathaniel King náà, tó di dókítà ṣáájú rẹ̀, ọmọ ajíhìnrere ni, Thomas King ló bí i. Àwọn àkọ́kọ́ wọ̀nyẹn kò rí àdúrà àti oògùn bí orogún.

Ẹnì kan ṣì wà tí n kò gbọdọ̀ fò. Thomas Jefferson Bowen ni ẹni àkọ́kọ́ tí ìjọ Onítẹ̀bọmi ti ìhà gúúsù orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà rán wá sí ilẹ̀ wa, ní 1850. Ọmọ tí òun àti ìyàwó rẹ̀ bí síbí kò gbé, ilẹ̀ Yorùbá ni wọ́n sin ín sí. Lẹ́yìn tó padà sílé, ọkàn rẹ̀ dàrú, ó ń sàn, ó ń padà, ilé ìtọ́jú àwọn tí ọpọlọ wọn kò dá ni ó kú sí ní Georgia ní 1875. Yunifásítì tó wà ní Ìwó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀. Irú àìsàn tó pa á kò wọ́pọ̀ nínú àkójọ àdúrà wa títí dòní.

Kínínì dá ìjà sílẹ̀

Ní 1854 òyìnbó arìnrìn-àjò kan, Baikie, fi ọkọ̀ Pleiad gun odò Ọya, Àjàyí Crowther wà nínú rẹ̀. Baikie mú kí àwọn òyìnbó inú ọkọ̀ máa mu kínínì lójoojúmọ́. Ibà kò pa ẹnì kankan nínú wọn, nígbà tó jẹ́ pé àwọn ìrìn àjò tó ṣáájú ti di ìrìn àjò ìsìnkú. Wọn kò tíì mọ̀ pé ẹ̀fọn ló ń gbé ibà kiri. Ó di 1897 kí Ronald Ross tó rí i. Ṣùgbọ́n oògùn náà ṣiṣẹ́ fún ẹni tó mọ̀ àti ẹni tí kò mọ̀.

Ó wá yani lẹ́nu pé kínínì yìí kan náà ló pín ìjọ níyà lẹ́yìn nǹkan bí ọgọ́rin ọdún. Àjàkálẹ̀ àrùn lúkúlúkú (influenza) ti 1918 wọ Èkó ní oṣù Kẹsàn-án, ó sì ran gbogbo ilẹ̀ Yorùbá. Ilé ìwòsàn kò rí nǹkan kan ṣe sí i. Ní Ìjẹ̀bú-Òde, àwọn kan kóra jọ láti gbàdúrà, wọ́n pe ara wọn ní Ẹgbẹ́ Òkúta Iyebíye. Nínú gbòǹgbò yẹn ni ìgbàgbọ́ ìwòsàn àtọ̀runwá láìlo oògùn ti hù, ìsọjí Joseph Ayọ̀ Babalọlá ní Òkè-Òóyè, Iléṣà, ní 1930 sì bu omi rin ín.

Wọ́n ké sí àwọn ará Apostolic ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Òyìnbó méjì nínú wọn, Perfect àti Vaughan, wá gbé níbí ní 1932. Láìpẹ́ ni àwọn ará rí i pé àwọn òyìnbó tó ń wàásù ìwòsàn ń mu kínínì. Ọ̀rọ̀ di ariwo. Ìjà náà kò tán títí wọ́n fi yà ní nǹkan bí 1940, apá tó kọ oògùn sì forúkọ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí Christ Apostolic Church (CAC) ní 1943.

N kì í ṣe ẹni tí yóò fi àwọn bàbá wọ̀nyẹn ṣẹ̀sín. Ẹni tó rí i tí lúkúlúkú pa ará ilé mẹ́ta lọ́sẹ̀ kan, tí dókítà dúró láìrí nǹkan ṣe, tó wá fi àdúrà àti omi borí, kò sí àríyànjiyàn tí yóò yí i lọ́kàn padà. Ìyá àgbà kan tó ń gbé ní Dòpẹ̀mú, tí wọ́n bí sínú ìjọ Aládùúrà, ṣàlàyé rẹ̀ fún mi báyìí: "Kì í ṣe pé a kórìíra dókítà. Dókítà ò sí lọ́dọ̀ wa ni. Ọlọ́run ló wà nílé lọ́jọ́ náà." Lónìí ìyá náà ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru. Ó gbé e jókòó ti ìgò omi àdúrà rẹ̀ lórí tábìlì kan náà.

Ohun tó kù nínú ìjà yẹn ni ọ̀rọ̀ ẹnu. Wọ́n ti sọ ọ́ sí Ìyá Ìbejì létí nínú ilé ìpàdé: pé ẹ̀ṣẹ̀ kan wà níbì kan, pé bí ìgbàgbọ́ bá pé, ẹ̀rọ kò yẹ kó wọ̀ ọ́. Ọkọ rẹ̀ ní òun kì í bínú mọ́, òun kàn máa ń bi wọ́n pé kí ló dé tí Pọ́ọ̀lù fi Tírófímù sílẹ̀ nínú àìsàn ní Mílétù. Kò tíì rí ẹni dá a lóhùn.

Nígbà tí ilé iṣẹ́ ń rán ajíhìnrere

Kí n tó gbọ́ ọ̀rọ̀ bàbá kan ní Ògbà, mo rò pé ahun ni ìjọ tó rán Ìyá Ìbejì àti ọkọ rẹ̀ ń ṣe. Ọdún 31 ni bàbá náà fi ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ kan ní Ìkẹjà kó tó fẹ̀yìntì. Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ló pín ilẹ̀ Ìkẹjà fún ilé iṣẹ́ ṣáájú òmìnira. Guinness bẹ̀rẹ̀ sí pọn ọtí níbẹ̀ ní 1962, Cadbury dé Agídìngbì ní 1965, ọ̀pọ̀ mìíràn sì wà láàrin wọn.

"Ní gbọ̀ngàn oúnjẹ ni a ti ń ṣe ìpàdé àdúrà, ní aago méjìlá sí ààbọ̀," ó ní. "Bí owó oṣù bá ti wọlé, olúkúlùkù á ti mọ ti míṣọ́n nínú tirẹ̀. Ilé iṣẹ́ wa nìkan ń bọ́ ajíhìnrere mẹ́ta ní òkè ọya. Owó náà kì í pẹ́ ọjọ́ kan."

Àsìkò náà ni ẹgbẹ́ ajíhìnrere tí ọmọ Nàìjíríà dá sílẹ̀ fúnra wọn bẹ̀rẹ̀ sí gbèrú. CAPRO bẹ̀rẹ̀ ní 1975, àwọn ẹgbẹ́ náà sì para pọ̀ di NEMA (Nigeria Evangelical Missions Association) ní 1982. A kúrò ní ẹni tí wọ́n ń rán ajíhìnrere sí, a di ẹni tó ń rán. Ohun ìwúrí ni.

Lẹ́yìn náà ni ilé iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí tilẹ̀kùn. Dunlop dáwọ́ táyà ṣíṣe dúró ní Ìkẹjà ní 2008. Àwọn tó kéré jù ú lọ kò tilẹ̀ ṣe ìkéde. Àwọn ilé ńlá tí ẹ̀rọ ti ń kùn di gbọ̀ngàn ìjọsìn. Ẹni tó bá ń rin Ògbà àti Orégùn ní ọjọ́ Àìkú yóò gbọ́ ìlù níbi tí fèrè iṣẹ́ ti ń dún tẹ́lẹ̀. Ilé àdúrà pọ̀ sí i, owó oṣù tó dájú dín kù. Ajíhìnrere tí owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ gbé lọ sí abúlé ṣì wà ní abúlé.

Nítorí náà, mi ò ní pe ìgbìmọ̀ míṣọ́n ní ìkà. Ṣùgbọ́n mi ò ní dá wọn láre. Gbọ̀ngàn ìjọsìn wọn ní ẹ̀rọ amúlétutù, ó ní jẹnẹrétọ̀, ó sì ní owó tí wọ́n ń fi ra epo sí i lọ́sẹ̀lọ́sẹ̀.

Ta ni yóò san án?

Ní ilé iṣẹ́ tó bá mọ ohun tó ń ṣe, òṣìṣẹ́ ní káàdì ìlera. Òfin ìlera tí wọ́n buwọ́ lù ní oṣù Karùn-ún 2022 tilẹ̀ sọ ọ́ di dandan fún gbogbo olùgbé Nàìjíríà. Ìpínlẹ̀ Èkó ti ṣe òfin tirẹ̀ láti 2015, orí rẹ̀ ni ètò Ìlera Èkó dúró lé, oníṣẹ́ ọwọ́ àti alátẹ ọjà sì lè forúkọ sílẹ̀ nínú rẹ̀. Mo bi ọkọ Ìyá Ìbejì bóyá orúkọ wọn wà nínú ètò kankan ní gbogbo ọdún 14 náà.

"Wọ́n gbàdúrà lé wa lórí," ó ní. "Wọ́n fún wa ní ọ̀kadà."

Ẹ má jẹ́ kí a tan ara wa: káàdì ìlera kì í wo kíndìnrín tó ti kú. Ibi tí ọ̀rọ̀ wà ni ẹ̀yìn wá. Orí fífọ́ obìnrin yìí tó ọdún mẹ́fà. Ẹ̀rọ tí a fi ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru, èyí tí kẹ́mísítì ń tà káàkiri Agége, kò lè wọ́n tó ẹ̀rọ gbohùngbohùn kan ní ilé ìjọsìn. Bí ẹnì kan bá ti wọn ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ní ọdún àkọ́kọ́, kóró oògùn kan láàárọ̀ lè ti tó.

"A máa ń fún wọn ní Bíbélì, a máa ń fún wọn ní mẹ́gàfóònù," ni ọmọ ìgbìmọ̀ míṣọ́n kan láti ìjọ mìíràn jẹ́wọ́ fún mi. "Kò sí ẹni tó rò ó pé ká fún wọn ní dókítà."

Ìyá Ìbejì kò bá mi sọ̀rọ̀ ìgbìmọ̀. Nígbà tí nọ́ọ̀sì tú u sílẹ̀, tó fi òwú tẹ ojú abẹ́rẹ́ mọ́lẹ̀, ó fi ọwọ́ kejì ṣí ìwé kékeré kan. Orúkọ àwọn tí wọ́n jọ ń lo ẹ̀rọ ló wà nínú rẹ̀, àwọn tó ń gbàdúrà fún. Ó fàlà sábẹ́ orúkọ kan tí kò wá lọ́jọ́ náà. Ó ní ọkùnrin náà kò wá ní ọjọ́ Ẹtì tó kọjá pẹ̀lú. "Ó lè jẹ́ owó ni," ó ní, ó sì pa ìwé náà dé.

Ọ̀rọ̀ tó kù, ẹ̀yin akápò àti ẹ̀yin alága ìgbìmọ̀ míṣọ́n ni mo fẹ́ bá sọ ọ́, láti Ìjú títí dé Òṣòdì. Kí ọjọ́ Àìkú tó ń bọ̀ tó kọjá, ẹ mú bébà kan, ẹ kọ orúkọ gbogbo ajíhìnrere tí ìjọ yín rán jáde, pẹ̀lú ti ìyàwó àti ọmọ wọn. Níwájú orúkọ kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ ọjọ́ tí wọ́n wọn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ kẹ́yìn, àti ètò ìlera tí orúkọ rẹ̀ wà. Níbi tí ẹ kò bá ti rí nǹkan kan kọ, ẹ pè é lórí fóònù lọ́jọ́ náà, kí ẹ sì bi í bóyá orí ń fọ́ ọ.